Receiver mélòó ló yẹ kí tíìmù ní? Èsì

Ẹ̀gbọ́n, lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) tí à ń sọ, ẹ ní tí quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) bá ti dáa, kí ló kàn wá pẹ̀lú receiver (ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù) tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó kàn wá gan-an o! Ẹ wo tíìmù Tampa Bay ní 2021. Quarterback wọn, Tom Brady, ju bọ́ọ̀lù tó 5,316 yáàdì lápapọ̀, kò sẹ́ni tó jù tó o nínú NFL (líìgì wọn) lọ́dún yẹn, torí àwọn receiver wọn dáa: Mike Evans wà ńbẹ̀, Chris Godwin wà ńbẹ̀, Antonio Brown náà wà nínú tíìmù, tí dìfẹ́ǹsì bá fi èèyàn méjì ṣọ́ ẹnì kan, ẹlòmíì á ráyè. Ìgbà tó di December tí wọ́n pàdé tíìmù Saints, Brown ò sí ńbẹ̀, Godwin fi orúnkún ṣèṣe, Evans náà fara pa ó jáde, 9-0 ni Saints nà wọ́n, Brady kan náà yìí o, ilé ara wọn ni wọ́n tún wà!

Ohun tí mo rò pé àwọn èèyàn kì í wò ni tàímìn. Quarterback máa ń ju bọ́ọ̀lù kí receiver tó yíjú padà rárá, tẹ́ni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé bá wá yà ní yáàdì mẹ́wàá dípò méjìlá, ọwọ́ àwọn alátakò ni bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí. Dìfẹ́ǹsì náà ò ní bẹ̀rù bọ́ọ̀lù gígùn mọ́, wọ́n á kó èèyàn síwájú, wọ́n á máa lé quarterback kiri. Témi bá ni kóòṣì, màá kọ́kọ́ wá receiver kẹta tó dáńtọ́ kí n tó náwó sórí running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré).