Ohun tí ojú mi rí ní ìlú mẹ́ta ní Kánádà kí n tó mọ ibi tó yẹ kí n gbé

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé béèrè ìlú tó yẹ kí ẹ gbé, ẹ kú oríire PR o, ìyẹn ìwé tó ní kí ẹ máa gbé Kánádà títí lọ. Ẹ ní ìyàwó yín jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọmọ méjì wà lọ́wọ́, ọ̀kan ọdún mẹ́jọ, ìkejì ọdún mẹ́ta. Àbúrò yín ní kí ẹ wá bá òun ní Brampton. Ọ̀rẹ́ yín ní Calgary ni owó ti ń dúró lọ́wọ́ èèyàn. Ẹnì kan wá dárúkọ Halifax, ẹ ń bẹ̀rù pé ó ti kéré jù. Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Kòtò tèmi ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ẹ fìdí lélẹ̀.

Kí n ti sọ èrò mi ná, kí ìtàn má bàa gbé e mì: ibi tí ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìyàwó yín yóò ti tètè jáde ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má wo ibi tí ilé ti pọ́ọ́kú, ẹ má sì wo ibi tí ẹbí wà. Ilé tó pọ́ọ́kú lónìí lè gbówó lórí lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹbí lè kó lọ síbòmíràn. Tiwa kó lọ. Ìwé iṣẹ́ tí ẹ bá ti gbà, kò sẹ́ni tí yóò gbà á padà lọ́wọ́ yín.

Oṣù Kejì ọdún 2019 la dé Brampton, torí pé ìbátan ìyàwó mi kan wà níbẹ̀. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Ẹ̀bi tèmi ni pé nígbà tí mo rí i pé àlejò wa ti ń pẹ́ jù, mo sáré ya bésímẹ́ǹtì kan, ìyẹn ilé abẹ́ ilẹ̀, ní òpópónà kejì sí tirẹ̀, mo fọwọ́ sí ìwé ọdún kan, mi ò sì tíì níṣẹ́ lọ́wọ́. Onílé ní mi ò ní credit score, ìyẹn máàkì tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, mi ò ní lẹ́tà iṣẹ́, kí n san owó oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Mo san án. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òfin Ontario, ìpínlẹ̀ tí Brampton wà, kò fún onílé láṣẹ láti béèrè ìdógò tó ju owó oṣù kan lọ, oṣù tó gbẹ̀yìn sì ni owó yẹn wà fún. Báyìí ni ìlàjì owó tí a gbé wọ̀lú ṣe wọ àpò ẹlòmíràn lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, iṣẹ́ dé. Níbo? Scarborough! Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ yẹn á ti máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀ oòrùn Toronto ni Brampton wà, Scarborough sì wà ní ìlà oòrùn pátápátá. Mo máa wọ bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀ rélùwéè, mo máa wọ GO Train, rélùwéè agbègbè Toronto, dé Union, ibùdókọ̀ ńlá àárín ìlú, mo máa wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, mo máa tún wọ bọ́ọ̀sì. Wákàtí méjì àbọ̀ ní àlọ, wákàtí méjì àbọ̀ ní àbọ̀. Ọmọ mi kì í tíì jí tí mo bá ń jáde, á sì ti sùn kí n tó dé. Ọjọ́ kan tó bá mi nílé lọ́sàn-án, ó yí sí ìyá rẹ̀ pé ṣé wọ́n ti lé dádì níbi iṣẹ́ ni.

Mo ní kí n kúkú ra mọ́tò. Mọ́tò gan-an kò wọ́n, inṣọ́ránsì ló fẹ́ pa mí. Àdírẹ́sì ibi tí èèyàn ń gbé wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ ní Ontario, Brampton sì wà lára ibi tó wọ́n jù. 410 dọ́là lóṣù ni wọ́n bù fún mi, èmi tí mi ò tíì fi mọ́tò gbá adìẹ rí.

Ti ìlera ńkọ́? Nígbà tí a dé, oṣù mẹ́ta ni àlejò ń dúró kí OHIP, ìyẹn ètò ìlera Ontario, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún un. Etí ọmọ wa kò dúró títí oṣù mẹ́ta fi pé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àpò wa lowó ti jáde. Wọ́n ti mú ìdúró yẹn kúrò ní Ontario láti 2020, àmọ́ ó ṣì wà ní ìpínlẹ̀ British Columbia: ìyókù oṣù tí ẹ bá dé, àti oṣù méjì sí i. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ètò ìlera tirẹ̀, torí náà ẹ wádìí ti ibi tí ẹ bá mú, kí ẹ sì ra inṣọ́ránsì tí yóò bo àárín ìgbà yẹn.

Ní oṣù Kẹrin 2021, a bọ́ kúrò lábẹ́ ilẹ̀. Kòrónà ti já owó ilé wálẹ̀ nígbà náà, a wá rí ilé tuntun kan tó ń dán gbinrin ní Mississauga, 1,850 dọ́là lóṣù. Inú wa dùn dé bi pé a ya fọ́tò nínú ẹ̀rọ agbéniròkè. Ọdún kan pé, lẹ́tà onílé dé: owó ti di 2,350. Mo bínú, mo lọ ka òfin kí n lè bá a jà. Òfin wà lóòótọ́. Ọdọọdún ni ìjọba Ontario máa ń fi ààlà sí iye tí onílé lè fi kún owó ilé, 1.2% péré ni fún 2022. Àmọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2018 kò sí lábẹ́ ààlà yẹn. Ilé wa tuntun jù fún òfin láti gbà wá sílẹ̀. Bí ẹ bá máa ya ilé ní Ontario, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni èèyàn kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀, kí ẹ tó wo bí ilé ìdáná ṣe rí.

Àsìkò yẹn náà ni Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ara rẹ̀ káàkiri Toronto. Inú ọkọ̀ rélùwéè ni mo ti rí i: Alberta is Calling, Alberta ń pè. Ó pè, èmi náà jẹ́.

Mi ò ní parọ́, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Calgary dùn. Owó orí ọjà tó jẹ́ 13% ní Ontario, 5% ni níbẹ̀, torí Alberta kò ní ti ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Mo máa ń ka rìsíìtì lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé wọ́n ṣèèṣì. Oòrùn pọ̀. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Chinook á ṣàdédé fẹ́ wọlé láti orí òkè, yìnyín tó wà nílẹ̀ láàárọ̀ á ti di omi kó tó di ìrọ̀lẹ́. (Ó máa ń mú orí fọ́ àwọn kan, ìyàwó mi wà lára wọn.)

Lẹ́yìn náà ni owó iná dé. Iye iná àti gáàsì tí a lò gan-an kò tó nǹkan. Owó pé wọ́n gbé e dé ilé, owó pé wọ́n pín in, owó pé wọ́n kọ orúkọ wa sínú ìwé, ìyẹn ló pọ̀. Inṣọ́ránsì ọkọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín. Ó tún wá ku ti owó ilé. Èmi tí mo sá kúrò nínú ilé tí kò ní ààlà, inú ìpínlẹ̀ tí kò ní ààlà rárá ni mo sá wọ̀! Ní Alberta, onílé kò gbọ́dọ̀ fi kún owó ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọjọ́ 365. Iye tó máa fi kún un, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ìpè tí mo jẹ́ yẹn, gbogbo èèyàn ló jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé wá di ohun à ń jà lé lórí. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ fún yín lè jẹ́ òótọ́ fún ẹni tó ti ra ilé síbẹ̀ tipẹ́.

Ẹ má sì fojú kéré ìnáwó tó wà nínú kíkó láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ẹ óò pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 90 ní Alberta. Mọ́tò tó ti ìpínlẹ̀ míì wá, wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gba nọ́ńbà, wọ́n sì rí nǹkan mẹ́rin lára tèmi tí kò sẹ́ni tó rí i ní Ontario. Káàdì ìlera tuntun, ilé ìwé tuntun. Bẹ́ẹ̀dì tí a tà ní 80 dọ́là, 600 la fi ra òmíràn.

Ohun kan ṣoṣo ni kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo: ìwé ìyàwó mi. Tíṣà ni. Ó lo ọdún méjì gbáko ní Ontario kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo sì máa ń ráhùn nígbà náà pé ó ń fi àkókò ṣòfò, kó wá nǹkan ṣe. Àdéhùn ìṣòwò kan wà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Kánádà láti oṣù Keje 2017 tó sọ pé ẹni tó bá ti ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ gbà á láìsí pé ó tún ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbà á ní ọdún méjì ní Ontario kò gbà á ní oṣù mẹ́ta ní Alberta. Nígbà tí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ìwé yẹn náà ló bá a wáṣẹ́ ní Winnipeg, ní ìpínlẹ̀ Manitoba. Láti oṣù Kẹfà ọdún yẹn la ti wà níbí, èmi tí mo ń ráhùn ni mo di ẹrù tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ ni, Winnipeg tutù. Nígbà òtútù, a máa ń so mọ́tò mọ́ iná mànàmáná mọ́jú bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, kí ẹ́ńjìnnì má bàa gan. Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń dé ibi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba ló ń ta inṣọ́ránsì ọkọ̀ tó pọn dandan, iye tí mo ń san kò tó ìlàjì ti Brampton. Ìdógò ilé kò gbọ́dọ̀ ju owó ààbọ̀ oṣù lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi jẹ́ nọ́ọ̀sì, Halifax ló gbà lọ. Láti 2023, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ ní Nova Scotia, ìpínlẹ̀ tí Halifax wà, ti la ọ̀nà tó yá fún àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà sì wà lára wọn, pẹ̀lú Íńdíà, Philippines, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Australia àti New Zealand. NCLEX, ìdánwò tí nọ́ọ̀sì ń ṣe kó tó gba ìwé àṣẹ, ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò tíì ṣe é. Tí ìyàwó yín bá gba ìwé níbẹ̀ tí Halifax kò sì bá yín lára mu, àdéhùn tí mo sọ yẹn á bá a dé Ontario tàbí Alberta. Ẹ ò lè fi owó ilé tó pọ́ọ́kú ṣe bẹ́ẹ̀.

Halifax kò kéré. Ó lé ní 400,000 èèyàn nígbà ìkànìyàn 2021. Nova Scotia tún ní ètò ọ̀fẹ́ nílé ìwé ìjọba fún ọmọ ọdún mẹ́rin, tó túmọ̀ sí pé àbíkẹ́yìn yín kò ní pẹ́ wọlé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò pọ̀ tó ti Toronto, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn gbangba. Àmọ́ bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń ṣe láti ilé fún ilé iṣẹ́ Toronto, wákàtí kan ni Halifax fi ṣáájú wọn, aago mẹ́wàá ni aago mẹ́sàn-án wọn.

Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ ni ilé àti dókítà. Èèyàn máa ń pẹ́ lórí ìwé ìdúró kó tó ní dókítà ẹbí. Ní ti ilé, ìjọba ti fi ààlà 5% lọ́dún sí i títí òpin 2027, àmọ́ ayálégbé tó ń bá a lọ nínú ilé kan náà ni ààlà yẹn wà fún. Àwọn onílé kan máa ń fúnni ní ìwé tó ní ọjọ́ òpin, kí wọ́n lè ní kí o kó jáde tí ọjọ́ bá pé, kí wọ́n sì dá owó tuntun lé ẹni tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá, ibi tí ọjọ́ òpin wà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Àbúrò yín? Ẹ lọ kí i, ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹun. Ibikíbi tí ẹ bá wá mú, ẹ ya ilé tó ti ní ẹrù nínú, lóṣooṣù, títí iṣẹ́ yóò fi dé. Àdírẹ́sì ilé ló ń sọ ilé ìwé ìjọba tí ọmọ máa lọ, nítorí náà ìgbà tí ẹ bá ti mọ ibi iṣẹ́ ni kí ẹ tó wá ilé tòótọ́, kí ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn má bàa wọ ilé ìwé méjì lọ́dún kan. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín dán ọ̀nà ibi iṣẹ́ wò láago méje àárọ̀. Ẹ má sì tẹ̀ lé ẹni tó bá fi fọ́tò oṣù Keje pè yín wá ìlú kankan. Kò sí ìlú tí kò lẹ́wà ní Kánádà lóṣù Keje.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ ò sọ: ọ̀nà wo ni PR yín gbà jáde? Bó bá jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kan ló yàn yín nípasẹ̀ PNP, ètò tí ìpínlẹ̀ fi ń yan àwọn tó fẹ́ kó wá, ìpínlẹ̀ yẹn lẹ ti kọ̀wé pé ẹ fẹ́ gbé, ibẹ̀ náà ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí, èmi náà á sì tún èsì mi ṣe. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ ní kí ìyàwó yín ti kọ̀wé sí àjọ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi nọ́ọ̀sì nílé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́. Ọdún méjì tí ìyàwó mi lò yẹn, oṣù méje nínú rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo la fi dúró dè.