Ìṣẹ́jú lẹ lò, kò yẹ kó jẹ́ ìṣẹ́jú

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìṣàn iná ampere 2 kọjá fún ìṣẹ́jú 5, tí ẹ ń wá iye charge (ẹrù iná) tó kọjá, tí ẹ ṣe 2 lọ́nà 5, tí ẹ rí 10, tí ìwé sì ní 600: ìwé ò parọ́. Èmi náà ti fojú winá níbẹ̀. Mo mọ Q = It (charge jẹ́ ìṣàn iná lọ́nà àkókò) bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, síbẹ̀ òdo ni mo gbà lórí ìbéèrè kan nínú ìdánwò, torí ìṣẹ́jú tí mo fi ṣírò.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò là yé mi nígbà yẹn ni pé àkókò ti wà nínú ampere fúnra rẹ̀. Ampere 1 ni kí coulomb 1 máa kọjá ojú kan nínú wáyà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Coulomb yìí la fi ń wọn charge. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bíi 6.24 × 10¹⁸ ló ń para pọ̀ jẹ́ ẹyọ kan (kí ẹnikẹ́ni má dán kíkà á wò o). Ìṣẹ́jú 5 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 300, 2 lọ́nà 300 sì jẹ́ 600. Ó parí.

Ara bátìrì fóònù ló jẹ́ kó wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ wo 5000 mAh (milliampere lọ́nà wákàtí; milliampere 1000 ni ampere 1) tí wọ́n ń kọ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé agbára ni, ṣùgbọ́n charge ni: ampere 5 fún wákàtí kan. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3600, nítorí náà coulomb 18,000 ni. Ọjọ́ tí mo ṣe ìṣirò yẹn ni mo tó gbà pé Q = It kì í ṣe àkọ́sórí lásán.

Ọ̀fìn kejì tí mo kó sí rèé: ìṣàn tí kò dúró sójú kan. Wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ ní ampere 4, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìlà tààrà títí ó fi di òdo ní ìṣẹ́jú-àáyá 10. Èmi ti yára kọ 40. Irọ́ ni! Ààyè tó wà lábẹ́ ìlà àwòrán ìṣàn àti àkókò ni charge, onígun mẹ́ta sì ni, ìdajì 40, ìyẹn coulomb 20.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, charge tí 200 mA (milliampere) gbé kọjá fún wákàtí kan, ampere 0.2 ni kí ẹ kọ, kì í ṣe 200. Bí ẹ ò bá rí coulomb 720, ẹ fi iṣẹ́ yín hàn mí.