Láti Alákìá dé pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin: wákàtí mélòó gan-an?

Ẹ ní bàálù yín máa balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn ní Alákìá ní aago 12 ọ̀sán, pé òmíràn máa gbé yín ní Ìlọrin ní aago 4, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè bá a. Ẹ má dán an wò. Ẹ sún ti Ìlọrin di ọjọ́ kejì.

Kìlómítà 132 tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, bí ẹni ta okùn gbọọrọ láti Alákìá dé Ìlọrin ni. Ìṣẹ́jú bíi 25 tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀, ti bàálù tí kò sí ni, torí èyí tí ẹ bá rí máa kọ́kọ́ gbé yín gba Èkó tàbí Àbújá. Ti orí ilẹ̀ sún mọ́ 170: Alákìá sí Ọjọ́ọ̀ ní àríwá Ìbàdàn bíi 15, Ọjọ́ọ̀ sí Ọ̀yọ́ bíi 45, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bíi 50, ìyókù sì jẹ́ ti Ìlọrin.

Ibi méjì ló máa ń jẹ àkókò. Ìwó Road ni àkọ́kọ́. Ìlà-oòrùn Ìbàdàn ni Alákìá wà, ọ̀nà Ìlọrin sì wà lápá àríwá, ẹ ò lè ṣe kí ẹ má gba ibẹ̀ kọjá. Ìṣẹ́jú 30 ni tó bá dára, wákàtí kan tí ọjà àti gáréèjì bá ti dí ọ̀nà.

Èkejì ló le jù: Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà oníbejì la gbà dé Ọ̀yọ́, òun náà la tún máa bá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, àmọ́ àárín wọn ṣì jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ tóóró, tí àlọ àti àbọ̀ jọ ń pín. Tírélà kan ṣoṣo ló máa kúnlẹ̀ sínú kòtò nítòsí Odò Ọbà. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní dúró, wọ́n á bọ́ sí ọwọ́ kejì láti yà á sílẹ̀, wọ́n á pàdé àwọn tó ń bọ̀, kò wá ní sí ẹni tó lè padà sẹ́yìn mọ́. Ibẹ̀ ni wákàtí kan ti ń di mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀. Tírélà tó bà jẹ́ kì í tan iná.

Torí náà, wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin ni kí ẹ kà, tó bá jẹ́ dúróòpù (ọkọ̀ tí ẹ dá gbà fúnra yín) lẹ gbà láti Alákìá. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ gáréèjì Ọjọ́ọ̀, ẹ fi àkókò tí ẹ máa fi dúró kí ọkọ̀ kún kún un (ẹni tó bá ní "ó ku ẹnì kan" fún yín, ẹ ka ìjókòó fúnra yín). Ẹ tún fi wákàtí kan ó kéré tán sílẹ̀ kí kàǹtà tí wọ́n ti ń gba èrò bàálù wọlé tó tì. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ní, bàálù kejì kò ní dúró torí pé ti àkọ́kọ́ pẹ́, nígbà ọyẹ́ pàápàá, pípẹ́ ló pọ̀ jù.

Ohun kan ṣoṣo tó gbè yín ni pé pápákọ̀ Ìlọrin wà lójú ọ̀nà kí ẹ tó wọ ìlú. Ẹ ti sọ fún dírẹ́bà láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀ ń bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti kọjá Ẹyẹńkọrin, ẹ múra. Tí ẹ bá ti rí Gẹ́rì Àlímì, tó wà nínú ìlú Ìlọrin, ẹ ti kọjá pápákọ̀ nìyẹn.