Ṣé lẹ́ńsì gígùn la fi ń ya jẹ́ẹ̀tì ogun tó wà nílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Iléṣà ni mò ń gbé. Ẹbí wa kan tó jẹ́ ológun òfurufú fẹ́ mú wa lọ wo jẹ́ẹ̀tì ogun ní Makurdi. Wọ́n ní kí n lọ yá lẹ́ńsì gígùn ti mìlímítà 600 tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, kí n sì gbé ṣọ́tà, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá torí pé jẹ́ẹ̀tì máa ń sáré. Ṣé kí n ná owó náà?

Ìdáhùn: Má ná an, àbúrò. Ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, ṣáá, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń gba owó ìyálò lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa lórí ohun tí wọn ò nílò. Jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé kalẹ̀ kì í sáré, ó dúró gbọn-in bí ilé. Èyí tó ń fò lókè ni lẹ́ńsì gígùn wà fún.

Jẹ́ ká ṣírò ó. JF-17, jẹ́ẹ̀tì ogun tí wọ́n kó wọ iṣẹ́ ní Makurdi ní 2021 fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 15. Tí o bá fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ inú fótò láti imú dé ìrù, lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ojú inú tó ń gba àwòrán, fẹ̀ ní mìlímítà 36, lẹ́ńsì 600 á lé ọ sẹ́yìn tó mítà 250. Ta ni yóò fún ọ láyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà ológun? Bó o tilẹ̀ rí àyè, ooru tó ń gòkè lára ilẹ̀ ọlọ́dà lọ́sàn-án á máa jó láàárín ìwọ àti ọkọ̀, gbogbo ìlà ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kò sí lẹ́ńsì olówó ńlá tó lè mú ìyẹn kúrò. Lẹ́ńsì 50 ò fẹ́ ju mítà 21 lọ, 35 ò sì fẹ́ ju 15. Fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ kún un.

Má sì sún mọ́ ọn jù. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia, mo fi lẹ́ńsì 16 ya ọkọ̀ òfurufú kan láti ìṣísẹ̀ méjì. Imú rẹ̀ wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ìyẹ́ rẹ̀ wá rí pínníṣín lẹ́yìn. Mo padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sún sẹ́yìn, oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìṣó ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òjìji tirẹ̀. Mo lè kà wọ́n.

f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), ṣọ́tà 1/250 ti tó. Fílítà póláráísà, dígí tí a ń dè mọ́ ojú lẹ́ńsì, á mú dídán kúrò lójú dígí awakọ̀, àmọ́ ó lè gbé àwọ̀ òṣùmàrè jáde níbẹ̀, torí náà máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí o sì máa wò ó.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1962 ò fi fótò yíyà ní ọgbà ológun ṣeré. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹbí ò tó, gba ìyọ̀ǹda tó wà nínú ìwé. Má gbé dírónù dání. Má fọwọ́ kan aṣọ pupa wẹ́wẹ́ tó so rọ̀ lára ọkọ̀. Kó ìdérí lẹ́ńsì àti owó wẹ́wẹ́ sínú àpò tó ní síìpù, torí ohun kékeré tó bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì lè fà á mì kó sì bàjẹ́. Tí wọ́n bá ní kí o pa fótò kan rẹ́, pa á rẹ́ lójú wọn.

Kí o tó lọ, wá tírélà tó páàkì, tọrọ àyè lọ́wọ́ dírẹ́bà rẹ̀, kí o fi 50 yà á láàárọ̀ kùtù. Gígùn tírélà àti ti jẹ́ẹ̀tì náà ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Fi fótò náà ránṣẹ́ sí mi, màá sọ ibi tó kù sí fún ọ.