Ìgbà wo ni Beyoncé di ẹni tó gba Grammy jù lọ?

Ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2023 ni, ní ìlú Los Angeles, nígbà tí Grammy tó gbà pé 32. Georg Solti, adarí ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo ohun èlò orin, tí wọ́n bí ní Hungary, ló wà nípò náà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 31.

Houston ni wọ́n bí Beyoncé sí lọ́dún 1981, inú ẹgbẹ́ Destiny's Child ló sì ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Nígbà tí àwo orin tó kọ́kọ́ dá ṣe, Dangerously in Love, jáde lọ́dún 2003, Grammy 5 ló kó lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àtìgbà náà lẹsẹ̀ rẹ̀ ti rinlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórin tó dá dúró.

Lálẹ́ 2023 yẹn, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró lọ́nà. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn tó fi bá Solti dọ́gba, kò tíì wọlé dé. Ṣùgbọ́n èyí tó fi kọjá Solti, òun fúnra rẹ̀ ló gun orí ìtàgé lọ gbà á.

Grammy rẹ̀ di 35 ní oṣù Kejì ọdún 2025. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dá gbà o: 3 lára wọn jẹ́ ti ìgbà Destiny's Child.