Ọjọ́ wo ni wọ́n tì í mọ́lé? Ìdáhùn fún àwọn ìyá tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́

Ìbéèrè: Àwa obìnrin ọjà kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, máa ń dáwó jọ, a fi ń ra gàrí, ọṣẹ àti oògùn fún àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹbí wọn kò dùn ún gbọ́. Wọn ò ríbi nà sí lóru, ara yíyún ń ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé èkejì, àwọn mìíràn ò sì mọ ìgbà tí adájọ́ máa pè wọ́n. A fẹ́ kí nǹkan yí padà. Ta ni ká kọ̀wé sí? Kí la ó kọ? Àbí ká gbé e sórí WhatsApp kí ayé gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ àánú, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ má torí ìwé kíkọ dá oúnjẹ dúró o. Níbi tí ojú ará ìta bá ń dé, ẹ̀rù a máa ba ẹni tó fẹ́ fìyà jẹni.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi “ibẹ̀ kún jù” bẹ̀rẹ̀ ìwé yín. Àwọn aláṣẹ mọ̀ pé ó kún. Wọ́n á ní owó ni kò sí, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Orúkọ àti ọjọ́ ni kí ẹ mú dání. Ohun tó ń mú kí yàrá kún ni pé ìwọlé yá, ẹjọ́ ò yá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń bọ́ ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi, aláìlẹ́bi sì ni wọ́n lójú òfin títí ẹjọ́ á fi parí. Bí ẹnì kan nínú wọn bá gba ìdásílẹ̀, àyè ẹnì kan ṣí sílẹ̀ lórí ẹní, ìjọba ò sì ná sẹ́fà kan.

Abala 18 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró kọjá wákàtí 48 láìjẹ́ pé wọ́n mú un dé iwájú adájọ́, kí adájọ́ sì pàṣẹ. Bó ti wù kí ọ̀ràn náà le tó, wọn ò gbọdọ̀ fà á kọjá ọjọ́ 8. Ti kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, nìyẹn. Tó bá ti dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2013 ló kàn. Oṣù 6 ni àṣẹ tí adájọ́ fi tì í mọ́lé ń lò. Kó tó kọjá bẹ́ẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n mú un dé iwájú ilé ẹjọ́ tí yóò dá ẹjọ́ rẹ̀ kí ọdún 5 tó pé bó bá jẹ́ ọ̀ràn ńlá bí ìpànìyàn, àti kí ọdún 3 tó pé bó bá jẹ́ ọ̀ràn bí olè jíjà lásán. Lójú tèmi, ọdún 5 ti pọ̀ jù fún ẹni tí a kò tíì dá lẹ́bi. Síbẹ̀ àwọn kan ń kọjá rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sì ti sọ léraléra pé ìyẹn lòdì sófin.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n mú ẹni náà, ọjọ́ tó kọ́kọ́ fojú kan adájọ́, ẹ̀sùn rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó rán an wá, àti ìgbà tí wọ́n pè é kẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè, nílé wọn, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí kò fẹ́, torí òun ló máa sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ìwé yín bá dé. Ẹ fiyè sí ilé ẹjọ́ tó rán an wá o: ẹjọ́ ọmọ Kétu, Pobẹ̀ ló sábà máa ń wà, ti ẹlòmíràn lè jẹ́ CRIET, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọrọ̀ ajé àti ìpániláyà, tó ní procureur (agbẹjọ́rò ìjọba) tirẹ̀. Mo ti rí ìwé tó dára tó kú sórí tábìlì ẹni tí ọ̀ràn náà kò kàn.

Procureur ilé ẹjọ́ yẹn ni ẹ ó kọ̀wé sí lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tí ẹ máa mú relé. Ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀ tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀ sì lè tọrọ nígbàkígbà pé kí wọ́n dá a sílẹ̀, kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ omi, àìsàn àti ibi sísùn, Commission béninoise des droits de l'homme, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ni kí ẹ gbé e lọ bá. Òfin tó dá a sílẹ̀ fún un ní agbára láti gba ẹ̀sùn àti láti wọ ibi tí wọ́n ti ènìyàn mọ́. Ẹ kò nílò agbẹjọ́rò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n na ẹnì kan, tàbí pé àìsàn ń pa ẹnì kan lọ, ẹ má dúró de ìpàdé ẹgbẹ́. Abala 18 yẹn kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dí ẹni tó wà ní àhámọ́ lọ́wọ́ kí dókítà tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ẹbí ò mọ èyí rárá. Ẹ dárúkọ abala náà nínú ìwé yín, ẹ sì dárúkọ dókítà náà.

Bí kò bá sí èsì, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ kù. Orúkọ, àdírẹ́sì tó ṣe é wá rí, àti ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka ni ìwé náà gbọ́dọ̀ ní. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹnì kan nínú yín fọwọ́ sí i lórúkọ ara rẹ̀, kí wọ́n má bàa dá a padà. Ilé ẹjọ́ yìí kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn túbú, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ de gbogbo aláṣẹ, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ lè fi béèrè owó gbà-má-bínú.

Ti WhatsApp ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òfin orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2018 ti sọ àwọn kan dèrò àhámọ́ nítorí ohun tí wọ́n kọ, àwòrán ẹlẹ́wọ̀n sì lè dójú ti ẹbí rẹ̀ títí ayé. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ará ìlú gbọ́, ẹ sọ iye àwọn tó ti kọjá ọjọ́ òfin láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fi ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yín hàn oníròyìn tó bá béèrè ẹ̀rí.