Àdán Lórí Àjà, Òkété Lẹ́yìn Kíṣìnì: Ẹ Má Tíì Ra Májèlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣómólú la ń gbé, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àmọ́ bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ ilé kékeré kan sẹ́yìn Ìmọ́tà lápá Ìkòròdú, a máa ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé torí ẹ̀gẹ́ àti ilá tí mo gbìn. Ní báyìí àdán ti gba àjà ilé yẹn, tílẹ̀ bá ti ṣú wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà, òórùn wọn ò jẹ́ ká lè sùn. Òkété ti gbẹ́ ihò sẹ́yìn kíṣìnì, ọ̀sẹ̀ tó kọjá sì rèé, mo rí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Ọkọ mi ní òun máa po òtapiápiá mọ́ gáàrí àti edé, òun á wọ́n ọn yí ilé ká. Ọkàn mi ò balẹ̀ torí àwọn ọmọ. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn o. Ẹ bá mi bẹ bàbá wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ má da òtapiápiá yẹn sílẹ̀. Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra ilẹ̀ lápá Ìkòròdú níbẹ̀ yẹn, èmi náà fi májèlé sínú ẹja gbígbẹ torí òkété, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ajá ìyá tó múlé tì mí, ajá tó máa ń sáré wá pàdé mi lẹ́nu gèètì, ti nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, itọ́ funfun ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá yẹn ò bú mi o, wọ́n kàn ní kí n wá bá àwọn gbẹ́lẹ̀. Mo gbẹ́ ilẹ̀ náà, mi ò sì gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Ajá nìkan kọ́ nìṣòro ẹ̀. Òkété tó bá jẹ májèlé lè má kú sójú ibi tó ti jẹ ẹ́, ó lè fà wọ igbó, ẹnì kan á sì rí i he, á yan án, á gbé e sí títì, oníbàárà á rà á lọ sílé fáwọn ọmọ ẹ̀. Ẹ rántí pé NAFDAC fúnra ẹ̀ dá títa ike kékeré dichlorvos, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper, dúró lọ́jà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní 2019 torí ewu ẹ̀. Ká wá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ gáàrí, oúnjẹ tí àwọn ìbejì mọ̀ dáadáa, kò yẹ rárá.

Àdán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Tẹ́ ẹ bá lọ ní Sátidé, ẹ gbé àga síta ní bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ̀yin jókòó síwájú ilé, kí bàbá wọn wà lẹ́yìn, ẹ máa wo etí páànù. Ihò tí àtàǹpàkò ò lè wọ̀ tán ti tó wọn jáde. Ẹ máa rí àbàwọ́n dúdú kan lára fásíà níbẹ̀ tó ń dán bíi pé ẹnì kan ń fọwọ́ olóròóró pa á lójoojúmọ́, ìgbẹ́ wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì dúdú á sì wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wọn nìyẹn. Kí kápẹ́ńtà dí gbogbo ihò yòókù, kó fi ibẹ̀ nìkan sílẹ̀, kó wá kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lókè kó rọ̀ wá sílẹ̀ bíi kọ́tìnì, kó má kan ìsàlẹ̀ ẹ̀ o, torí àdán á rá gba abẹ́ nẹ́ẹ̀tì yẹn jáde, àmọ́ tó bá padà dé, ojú ihò tó mọ̀ láá fò lọ, nẹ́ẹ̀tì ò sì ní jẹ́ kó wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹyọ kan ò jáde mọ́, ẹ dí i pa.

Àmọ́ o, kẹ́ ẹ tó dí ohunkóhun, ẹ tẹ́tí sí àjà nígbà tí àwọn àgbà bá ti jáde tán. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín, ọmọ wà níbẹ̀, ẹ fún wọn ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n lè fò. Tẹ́ ẹ bá dí i mọ́ wọn, inú àjà ni wọ́n máa kú sí, òórùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ nígbà yẹn á ju ti ìsìnyí lọ. Ẹ má sì fọwọ́ lásán mú àdán kankan, kódà tó bá já bọ́ sílẹ̀. Ní 1956, Lagos Island wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àrùn kan lára àdán tó ń jèso, wọ́n sọ ọ́ ní Lagos bat virus, ìbátan àrùn dìgbòlugi sì ni. Ìgbẹ́ wọn náà, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, eruku ẹ̀ lè gbé èbu tó ń fa àìsàn wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ ìbòmú, ẹ fi omi tẹ́ ẹ po Hypo mọ́ rin ín dáadáa kẹ́ ẹ tó kó o.

Ti òkété ò le tó bẹ́ẹ̀. Òru ló ń rìn, oúnjẹ ló sì ń wá: èkùrọ́ tó dà sílẹ̀, èèpo iṣu, ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ kó jọ sẹ́yìn ilé. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ kúrò, ẹ gba takúté lọ́wọ́ ọdẹ tó mọ̀ ọ́n dẹ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, tí ihò bá ti ṣófo ẹ fi òkúta àti símẹ́ńtì dí i. Àwọn kan ń rò pé òkété ló ń kó ibà Lassa ràn wá, rárá o, eku kékeré kan tó lọ́mú púpọ̀ lára ni, òun ló ń tọ̀ sínú oúnjẹ, ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn yẹn mọ̀ ní 1969. Torí náà kí gáàrí yín máa wà nínú ike tó ní ọmọrí, bóyá òkété wà o, bóyá kò sí.

Ejò yẹn, àwọn eku ló tẹ̀ lé wá. Iyọ̀ tàbí kánfọ̀ tí wọ́n ń dà yílé ká ò lè lé e. Ẹ gé koríko mọ́lẹ̀, ẹ kó àwókù búlọ́ọ̀kù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, kẹ́nikẹ́ni má jáde lálẹ́ láìsí tọ́ọ̀ṣì àti bàtà. Tí sèbé bá tu oró séèyàn lójú, omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣan án lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó bunni jẹ, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fokùn dì í pinpin, ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ yẹn má mì, ọsibítù ló kàn. Kẹ́nikẹ́ni má lépa ejò náà.

ÌBÉÈRÈ: Oko mi wà ní Agbówá, ọ̀yà ti jẹ ìdajì ẹ̀gẹ́ mi. Àwọn ọmọ ní ká ti iná bọ igbó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí wọ́n lè sá jáde. — Bàbá Àgbà, Ebute-Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáná sí i, pàápàá lásìkò ọyẹ́, iná ò mọ ààlà oko ẹni. Ọ̀yà ò kì í gun nǹkan, ohun tó sì jẹ́ ìsinmi fún yín nìyẹn: àlòkù páànù tẹ́ ẹ bá rì bọlẹ̀ díẹ̀, tó ga tó ìbàdí, tẹ́ ẹ fi yí oko ká, kò ní lè kọjá ẹ̀. Kí ẹ sì gé koríko ní ìta ọgbà yẹn kó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, torí ọ̀yà ò fẹ́ràn kó máa rìn ní gbangba. Ó náwó lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ná an.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn bíríkìlà rí akíka lórí ilẹ̀ wa lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, kí n tó débẹ̀ wọ́n ti tà á. Tá a bá tún rí òmíràn ńkọ́? — Àbúrò yín, Agége

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ó dùn mí gan-an pé wọ́n tà á. Òfin ilẹ̀ wa ti ń dáàbò bo irú ẹran bẹ́ẹ̀ láti 1985, àtọdún 2016 sì ni gbogbo àgbáyé ti fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ máa tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Akíka ò ní eyín, ìkán àti èèrà ló ń jẹ, kò lè ṣe ẹ ní nǹkan kan, tẹ́rù bá bà á yóò kàn ká bíi bọ́ọ̀lù síbi tó wà. Sọ fún àwọn bíríkìlà yẹn lónìí, kí wọ́n tó rí òmíràn, pé kí wọ́n má dè é lókùn, kí wọ́n má fún un lóúnjẹ, kí wọ́n dáṣẹ́ dúró lójú ibẹ̀ kó lè padà wọ igbó fúnra ẹ̀ nígbà tílẹ̀ bá ṣú. Tó bá fara pa, pe àwọn Nigerian Conservation Foundation ní Lekki.